Lẹ́tà Wínníwínní Lójú Ẹ̀rọ



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní alẹ́ yìí dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ohun kékeré ni ó dá lé lórí: bí a ti í ṣe é tí lẹ́tà wínníwínní fi ń dán, tí ó sì fi ṣeé kà lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èdè Yorùbá kò ṣàìmọ̀ pé àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni ó ya oko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ, òmíràn tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Bí àmì náà bá pòórá lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹwà nìkan ni a pàdánù. Ọ̀rọ̀ náà pàápàá ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ẹ̀rọ jẹ́. Òjé ni àwọn atẹ̀wé ìgbàanì fi ń dá lẹ́tà, olúkúlùkù lẹ́tà a sì máa tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ti fẹ́. Ojú ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ojú iná kéékèèké onígun mẹ́rin ni ó kún inú rẹ̀, a tò wọ́n ní ìlà-ìlà bí ebè oko. Píksẹ́lì ni a ń pè wọ́n. Ojú iná kan kò lè gba ju àwọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya lẹ́tà o kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó tò wọ́n bí àtẹ̀gùn. Ahunṣọ mọ ìṣòro yìí dájú: òwú a máa lọ ní òró, a sì máa lọ ní ìbú, kò sì sí ẹni tí ó lè hun òṣùpá sára aṣọ òkè kí etí rẹ̀ má ṣe gún ṣẹ́ṣẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ní píksẹ́lì 96 nínú íńṣì kan, lẹ́tà oníwọ̀n 12 ní ìlà 16 péré fún gíga rẹ̀. Ara lẹ́tà bí a tàbí e kò gbà ju nǹkan bí 8 lọ nínú rẹ̀. Kí ni ó wá kù fún àmì abẹ́? Ẹyọ kan, tàbí méjì.

Ìwòsàn kìn-ín-ní ni àwọ̀ eérú. Bí etí lẹ́tà bá bo ìdajì ojú iná kan, a ó fún ojú iná náà ní ìdajì dúdú. Bí ó bá bo ìdámẹ́rin, a ó fún un ní ìdámẹ́rin. Ojú ènìyàn a sì pa wọ́n pọ̀, a ó rò pé etí náà dán. Ní ọdún 1980, John Warnock, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox ní Califọ́níà nígbà náà, kọ ìwé lórí ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà ní àrùn tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ lẹ́tà tín-ín-rín bá bọ́ sí àárín ìlà méjì, ìlà méjèèjì ni yóò di eérú, kò sì ní sí dúdú kankan níbẹ̀. Lẹ́tà a máa ṣú bàìbàì, ojú òǹkàwé a sì máa rẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe wá ìwòsàn kejì, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ ní tòótọ́. Nínú fọ́ǹtì TrueType, tí Apple gbé jáde ní ọdún 1991 tí Windows sì gbà ní 1992, a lè kọ àṣẹ sí inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pé: nígbà tí o bá kéré tó báyìí, fi ẹsẹ̀ rẹ lé orí ìlà kan ṣoṣo, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì nípọn bákan náà. Matthew Carter, tí ó fi ọwọ́ gbẹ́ lẹ́tà sára irin ní ìlú Haarlem ní Nẹ́dálándì nígbà èwe rẹ̀, ni ó ya Verdana tí Microsoft gbé jáde ní 1996. Píksẹ́lì ni ó kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà ni ó tó fi ìlà wíwọ́ yí wọn ká. Tom Rickner ni ó kọ àṣẹ sí inú rẹ̀. Ẹni tí ó ti bá irin jà nìkan ni ó lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, lójú tèmi.

Ìwòsàn kẹta ni ClearType, tí Microsoft kéde ní 1998. Ojú iná kọ̀ọ̀kan ní ọ̀já mẹ́ta nínú: pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró. Bí a bá ń darí ọ̀já kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó dàbí ẹni pé a sọ píksẹ́lì di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: ní ìbú nìkan ni ìlọ́po náà wà, kò sí ní òró. Òkè àti ìsàlẹ̀ sì ni àmì tiwa wà! Ohun tí ó ran ará Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ gidigidi, díẹ̀ ni ó fi ran àwa lọ́wọ́.

Ìyọnu mìíràn tún wà. Láti ìgbà ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 lórí ìkọ̀wé Yorùbá, a ti ń to àmì lé orí lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì kò bá fi ibi tí àmì yóò jókòó hàn án, àmì a ṣí lọ sórí lẹ́tà kejì bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti bínú kọ àmì sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ Yorùbá ní ìhòòhò. Èmi kò lè dá wọn láre, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó lé wọn débẹ̀.

Lóòótọ́, fóònù ti mú ìtura wá. iPhone 4 ti ọdún 2010 ní píksẹ́lì 326 nínú íńṣì kan, lẹ́tà oníwọ̀n 12 sì ní nǹkan bí ìlà 54 níbẹ̀. Apple tilẹ̀ ti yọ ọgbọ́n ọ̀já mẹ́ta náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní 2018. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ni ó ní irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń tan orin sára ògiri kò sì ní píksẹ́lì púpọ̀, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ tóbi tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìjọ, ẹ lo fọ́ǹtì tí a ṣe pẹ̀lú èdè wa lọ́kàn, bíi Noto tàbí Gentium. Ẹ má ṣe fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí ìlà náà a máa gbé àmì abẹ́ mì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò gan-an, kí ẹ sì gbé e fún àgbàlagbà kan kí ó kà á sókè láìlo awò mìíràn ju èyí tí ó ń lò lójoojúmọ́. Bí ó bá pe mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi ìwọ̀n kan kún lẹ́tà náà, kí ẹ tún gbé e fún un.