Epo Dídára, Láti Ìdí Ọ̀pẹ Ni



Epo ni ìròjú ọbẹ̀. Àwọn àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo pupa nìkan kọ́ ni ọ̀pẹ ń fún wa. Púpọ̀ nínú òróró inú ìgò tí a ń rà lọ́jà, epo pupa ni wọ́n kí ilé ẹ̀rọ tó bọ́ àwọ̀ àti òórùn kúrò lára wọn. Ohun tí í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí òórùn epo tó lè lọ, ilé ẹ̀rọ a dà á sínú àgbá irin, wọn a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọn a sì mú kí epo náà gbóná ju 200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń hó kò ju 100 lọ. Nínú ooru líle yìí ni èròjà búburú méjì ti í wáyé: glycidyl ester àti 3-MCPD ester. Bí a bá jẹ ti àkọ́kọ́, a di glycidol nínú ara. Ní 2000, àwọn tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ka glycidol mọ́ ohun tí ó jọ pé ó lè fa àrùn náà. Ní 2016, àwọn olùyẹ̀wò oúnjẹ ní Yúróòpù rí i pé òróró ọ̀pẹ ni ó ní in jù, wọ́n sì kọminú pàápàá nípa ọmọ ọwọ́ tí ó jẹ́ wàrà agolo nìkan ni ó ń mu, nítorí a máa ń fi òróró sínú rẹ̀.

Níbo ni ó ti wá? Bí ẹyìn bá fara gbọgbẹ́ tàbí tí ó pọ́n jù, ohun kan nínú ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ epo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Òun ni í mú kí epo kan. Ìfọ́kù wọ̀nyí ni ooru ń sọ di glycidyl ester. Ní ti èkejì, kiloráìdì, irú èyí tí ó wà nínú iyọ̀, ni ó ń bá epo pàdé nínú ooru. Ọ̀pẹ a máa fà á láti inú ilẹ̀ àti ajílẹ̀.

Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi omi fọ epo kí ó tó dé iná, kí kiloráìdì lè bá omi lọ, kí wọ́n sì dín ooru kù. Ó ṣeé ṣe: láàárín 2010 sí 2015, glycidyl ester inú òróró ọ̀pẹ ní Yúróòpù dín sí ìdajì, nítorí àwọn tí ń ṣe é tún ọwọ́ wọn ṣe. Láti 2018, òfin ibẹ̀ kò gbà ju mílígíráàmù 1 glycidol lọ nínú kílógíráàmù òróró kan.

Iṣẹ́ tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ a máa kó ìdì ẹyìn jọ, wọn a fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹyìn lè tètè jábọ́. Ní àkókò yẹn ni epo ń bàjẹ́. Ẹ kọ ẹyìn nígbà tí ó bá pọ́n tó, ẹ má jẹ́ kí ó fọ́ lójú ọ̀nà, ẹ ṣa èyí tí ó ti rà kúrò, kí ẹ sì sè é kí ọjọ́ méjì tó pé. Sísè ni í pa ohun tí ń fọ́ epo. Ìlànà tí àjọ Codex gbé jáde ní 2019 kò sọ ohun tí ó yàtọ̀.

Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Epo tí ó ti kan kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa, iná púpọ̀ ni yóò rí níwájú. Ọmọ ẹni ni yóò sì jẹ ẹ́.