Èmi Kì Í Jẹ Láfún, Ṣùgbọ́n N Kò Gbọdọ̀ Purọ́ Mọ́ Ọn

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkìrun)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. N kò ní sọ ti òṣèlú, ẹ ti gbọ́ ìyẹn kánrin. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní bọ́dìn, ṣé ẹ rántí láfún? Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Òun la jẹ lánàá, òun náà la ó jẹ lónìí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, inú mi á máa rú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ohun tí kálukú bá fẹ́ ló ń jẹ. Àmọ́ ikùn mi yìí ló kó bá mi lẹ́nu iṣẹ́.

Olóòtú wa ní kí n kọ̀wé nípa àwọn ilé oúnjẹ tó wà lójú ọ̀nà láti Òṣogbo dé Ọ̀fà. Mo jẹ iyán ní Ìkìrun, mo jẹ ìrẹsì ní Òkukù, mo yin méjèèjì. Ìnísà tó wà láàárín wọn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo yà sí bùkà Màmá kan tí àwọn awakọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láfún àti ewédú ló ń tà. Mo mú òkèlè méjì, mo ti abọ́ sẹ́yìn, mo sanwó, mo bá tèmi lọ. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ìròyìn ni pé oúnjẹ ibẹ̀ kò ṣeé fún ènìyàn jẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awakọ̀ kan rí mi ní gáréèjì Ìkìrun níbí. Ó ní, “Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, kí ni Màmá fi ṣe yín? Ìkòkò méjì ló máa ń gbé kaná. Ọ̀kan ló kù báyìí o.”

N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo padà sí Ìnísà, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá kò pariwo. Ó gbé àga fún mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé láfún ni o kò fẹ́ ni, àbí láfún tèmi ni kò dára?”

Ẹ̀yin ará, mo lọ sí pólì, mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìròyìn, kò sí olùkọ́ tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. N kò rí èsì fọ̀.

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ó fi ẹ̀gẹ́ tó rẹ sómi hàn mí, tí yóò wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó rọ̀. Ó ní inú omi yẹn ni òórùn kíkan náà ti wá, bí láfún ṣe ń rí nìyẹn. Orí pákó gíga ló ń sá tirẹ̀ sí, kì í sá a sí etí títì, nítorí yanrìn. Ó ní, “Bí o bá fi eyín kan yanrìn, tàbí o bá kókó nínú rẹ̀, bú mi. Ìyẹn ni ẹ̀bi mi.”

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dá oúnjẹ lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ oúnjẹ náà di dáadáa lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnu mi nìkan ni mo gbọ́ tirẹ̀, n kò gbọ́ tàwọn awakọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ní 1993, Ruth Reichl tó ń kọ̀wé nípa ilé oúnjẹ fún New York Times lọ sí ilé oúnjẹ ńlá kan tó ń jẹ́ Le Cirque lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó para dà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, wọn kò kà á sí. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣe é bí ọba. Ó kọ méjèèjì síwèé. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kan péré ni, ìdajì òótọ́ ni ì bá kọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ya ohun tí o rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o rò. Ní ìlú Belfast, ìwé ìròyìn Irish News bu ẹnu àtẹ́ lu ilé oúnjẹ kan ní 2000. Olóúnjẹ pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì dá £25,000 fún un ní 2007. Ní 2008 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, nítorí pé wọn kò la ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti èrò òǹkọ̀wé yé àwọn tó dá ẹjọ́ náà dáadáa. “N kò fẹ́ràn rẹ̀” jẹ́ èrò. “Kò ṣeé fún ènìyàn jẹ” ti di ẹ̀sùn.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: owó ara rẹ ni kí o fi jẹun. Ìlànà iṣẹ́ tí àwa akọ̀ròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 kọ̀ fún wa láti gba rìbá kí a lè gbé ìròyìn jáde tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ rì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí a máa pọ́n gbogbo olóúnjẹ lé. Bí abọ́ bá dọ̀tí, bí eṣinṣin bá bo ẹran, kọ ọ́, kódà bó jẹ́ ìyá rẹ ló ni bùkà. Ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀ náà purọ́, ara ẹlòmíràn ni yóò sì san án.

Mo jẹun lọ́dọ̀ Màmá lẹ́ẹ̀mejì sí i, mo bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì tún ìwé kọ. Mo kọ ọ́ pé: èmi kì í jẹ láfún, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ kò tọ́, kò sí yanrìn, kò sí kókó, abọ́ mọ́, lọ́jọ́ kan iyọ̀ pọ̀ jù nínú ewédú. Ojú ìwé kan náà ni olóòtú tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ̀yin yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò kejì ti padà. Nígbà tí mo kọjá ní Ìnísà kẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣì rí lórí iná. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí mo ń gbé kiri nìyẹn.

Ó dà bí ẹni pé oúnjẹ ti délẹ̀. Bí láfún bá wà níbẹ̀, ẹ bá mi jẹ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ẹni tó sè é.