Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ẹ̀rọ Agbohùn fún Sinimá Èdè Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí irinṣẹ́ ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀ níbi tí a ti ń ya sinimá, àwọn kan nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré fún irú àpéjọ báyìí, pé ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó sí i ni a ń rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wa gan-an ni. Owó tí ẹgbẹ́ yìí ń dá jọ láti ya ohùn àti àwòrán àwọn àgbà sínú sinimá kí wọ́n tó re ìwàlẹ̀ àsà, a lè ná an tán láìrí nǹkan kan mú bọ̀, bí a kò bá mọ irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara wa. Ní ọjọ́ kan a lọ sí agboolé kan láti ya ìyá arúgbó kan tí ó mọ oríkì orílẹ̀ ilé rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí a gbé lọ tóbi, ó sì níye lórí. Ẹ̀rọ agbohùn, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní máìkì, ni a kò fiyè sí. Èyí kékeré tí ó wà lórí ẹ̀rọ ayàwòrán náà ni a lò, a sì dúró ní ọ̀nà jíjìn sí ìyá náà kí àwòrán lè gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn ògiri, a sì wí fún ara wa pé kò ní hàn. Nígbà tí a padà dé ilé tí a tan án, àwòrán dára. A rí gbogbo ìlà ojú ìyá náà kedere. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dàbí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ibì kan wà nínú oríkì náà tí ó ti dárúkọ ohun tí ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n dó gbé lé èjìká wọ ìlú: àwọn kan nínú wa gbọ́ ọkọ́, àwọn kan gbọ́ ọ̀kọ̀. A ní a ó padà lọ bi í léèrè. Kí a tó padà, wọ́n ti sin ín. Títí di òní, àwọn ọmọ agboolé náà kò tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá àgbẹ̀ ni bàbá ńlá wọn, tàbí jagunjagun.

Àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá wọn ni ó kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a ń kà nípa iṣẹ́ yìí, nítorí náà ohun tí ó ká wọn lára ni wọ́n kọ. Bí ohùn Òyìnbó bá gòkè tàbí tí ó sọ̀ kalẹ̀, a lè fi mọ̀ bóyá inú ń bí i tàbí ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá, igba, ìgbà, igbà: ẹ mú ohùn kúrò lórí wọn, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnikẹ́ni lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn ọkùnrin máa ń mú afẹ́fẹ́ gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin a máa tó 200 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ìgbọ̀n yìí ni ó ń fún wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ohùn òkè, kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni ó ń yọ̀ sílẹ̀. Bí ohùn òkè bá sì tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, a gùn ún bí ẹni gun òkè. Yíyọ̀ àti gígùn wọ̀nyí ni etí wa ń dì mú láìmọ̀.

Àwọn kan a máa bẹ̀rù pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí ń gé ìsàlẹ̀ ìró kúrò lára ẹ̀rọ, a ó gé àmì ohùn ọ̀rọ̀ dànù pẹ̀lú. Ìbẹ̀rù náà kò ní ìdí. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 80, ìró ọkọ̀ akẹ́rù àti ti atẹ́gùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Etí ọmọ ènìyàn pàápàá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mọ ipò ohùn láti ara àwọn ìró mìíràn tí ó ń bá a rìn lókè: tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohunkóhun tí ó wà nísàlẹ̀ 300, síbẹ̀ ta ni kò gbọ́ Yorùbá yékéyéké lórí rẹ̀? Ìbòmọ́lẹ̀ ni ó ń pa ohùn ọ̀rọ̀ wa. Jẹnẹrétọ̀, fáànù, àti ìró tí ń ta padà láti ara ògiri sìmẹ́ńtì, gbogbo wọn ni ó ń kó ara jọ sí ibi tí ohùn ènìyàn ti ń rìn, tí ọ̀rọ̀ tí a ti sọ kọjá fi ń gun orí èyí tí a ń sọ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin 43 ní èdè Yorùbá sínú àwo Zonophone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹ̀rọ agbohùn oníná kankan nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn fún títà; ojú ìwo ńlá kan ni a ń kọrin sí nígbà náà. Ọ̀nà tí ó wà fún olórin ni kí ó sún mọ́ ìwo náà pẹ́kípẹ́kí kí ó sì gbé ohùn sókè. A mú èyí wá sí iwájú yín nítorí pé ìsúnmọ́ náà ni òfin kìn-ín-ní títí di òní, ó sì ju orúkọ tí a kọ sára ẹ̀rọ lọ. Bí a bá sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì níbi gbangba, agbára ohùn tí ó dé ẹnu ẹ̀rọ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ariwo tí ó yí ilé ká kò ní dín. Nítorí náà ni ẹ̀rọ agbohùn tí ó dára níwọ̀nba, tí a fi ọ̀pá gígùn nà sí òkè orí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, fi sàn ju olówó ńlá tí ó jókòó sórí ẹ̀rọ ayàwòrán lọ.

Nísinsìnyí, èwo ni kí a rà? Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọjà yìí, èyí tí ó gùn tí àwọn Òyìnbó fi wé ìbọn ni wọn yóò kọ́kọ́ nà sí i. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Sennheiser MKH 416, tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti nǹkan bí àárín ọdún 1970 sí 1980. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 165, nítorí náà kì í dá ẹni tí ó gbé ọ̀pá lágara bọ̀rọ̀. Ìdí mìíràn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ ni ojú ọjọ́ wa. Ẹ̀rọ agbohùn onírú kọ̀ndẹ́nsà, tí E. C. Wente ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1916, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí agbára iná wà lára rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ràn. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, agbára náà a máa jò, ẹ̀rọ a sì máa ta pàràpàrà bí ẹ̀pà tí a ń yan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe èyí tí a ń sọ yìí yàtọ̀, ó sì lè fara da ọ̀rinrin oṣù kẹfà ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá kan wà tí a fẹ́ mú kúrò ní ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ gígùn náà ń fa ohùn láti ọ̀nà jíjìn wá, bí awò tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́. Kì í fa nǹkan kan. Ohun tí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìró tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ba ara rẹ̀ jẹ́ nínú ọ̀pá. Èyí ṣeé ṣe kìkì bí ìgbì ìró náà kò bá gùn ju ọ̀pá lọ. Ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 25 kò lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ìró tí ìgbọ̀n rẹ̀ kò tó 1,400. Ìgbì ìró tí ó gbọ̀n ní ìgbà 100 gùn ju mítà 3 lọ. Ẹ ti mọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ wa náà sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. A lè kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ gígùn sí jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, yóò ṣì máa gbọ́ ọ díẹ̀. Ọ̀nà tí ó dájú ni kí a bẹ aládùúgbò kí ó pa á.

Nínú ilé, ẹ̀rọ gígùn tún burú sí i, nítorí pé ìró tí ó ta padà láti ara ògiri àti àjà ń wọ ihò ẹ̀gbẹ́ náà, tí ó sì ń jáde bí ẹni pé òṣèré wà nínú ìkòkò. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa lo ẹ̀rọ kúkúrú tí kò ní ihò ẹ̀gbẹ́, bí Sennheiser MKH 50 tàbí Schoeps tí ó ní orí MK 41, tí ń gbọ́ iwájú dáadáa tí ó sì ń dín ẹ̀gbẹ́ kù lọ́nà kan náà, bí ìró náà ti wù kí ó jinlẹ̀ tàbí kí ó lọ sókè tó. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí ní lọ́kàn, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú iyàrá àti inú ààfin ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa kò gbà, a dábàá pé kí ẹ̀rọ kúkúrú ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ àyà, kékeré bí orí ìṣáná, tí a ń há mọ́ aṣọ. Inú wa dùn láti sọ ọ́ pé ọmọ adúláwọ̀, James West, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931, ni òun àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, jọ ṣe irú ẹ̀rọ tí ó mú èyí rọrùn, ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n aṣọ wa ni ìdánwò rẹ̀. Agbádá tí a fi táàṣì sí a máa ró wàràwàrà bí apá bá mira. Aṣọ òkè a máa ha ẹ̀rọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìjòyè a sì máa kàn án kóókóó láàárín ọ̀rọ̀. A ti rí i pé inú gèlè, ní apá iwájú, dára púpọ̀ fún àwọn ìyá, nítorí pé orí kì í jìnnà sí ẹnu bí ènìyàn bá tilẹ̀ yíjú, àti pé etí fìlà náà ń ṣiṣẹ́ fún àwọn bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fọwọ́ kan fìlà àgbà, kí ó tọrọ àyè. Fún Ọba, a kò ní dábàá rẹ̀ rárá. Kí a lo ọ̀pá.

Ìlù kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dùndún àti bàtá ní agbára tí ó lè mú ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ dàrú. Ẹ̀rọ tí ó fi òòfà àti wáyà wíwé ṣiṣẹ́, bí Shure SM57 tí ó ti wà láti ọdún 1965, kò béèrè iná, kò bẹ̀rù ariwo, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ tí a ti kọ́kọ́ dárúkọ ń gba iná 48 fólítì láti ara ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ẹni tí ó ń ra èyí rí i dájú pé ó lè fún wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí akápò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí owó ẹ̀wù onírun nínú ìwé wa. Láìsí i, atẹ́gùn ọyẹ́ yóò máa lu ẹ̀rọ bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá gígùn, ohun tí a fi ń bo etí méjèèjì láti gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́, àti àpótí tí ó ní èròjà tí ń fa ọ̀rinrin mu. Bí owó kò bá tó, kí a yọ ẹ̀rọ gígùn kúrò nínú ìwé náà títí di ọdún mìíràn. Kí a má yọ ìwọ̀nyí.

A ti gbọ́ pé àbúrò ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú agboolé kan náà, pé òun náà mọ oríkì ọ̀hún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ẹni tí ó ni jẹnẹrétọ̀ ti ṣèlérí fún wa pé òun yóò pa á fún wákàtí méjì ní ọjọ́ tí a bá dá. Ẹ̀rọ kúkúrú kan, ọ̀pá kan àti owó ọkọ̀ ni a ń tọrọ lọ́wọ́ ìpàdé yìí kí oṣù yìí tó parí.