Ìmúrasílẹ̀ Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Oògùn Jẹjẹrẹ
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Ìkẹ̀rẹ́)

Ọ̀rọ̀ tòní ò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n a ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé e mì.

Arábìnrin wa kan wà tó mú un mọ́ra. Dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ọyàn ni, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí wọ́n ń fà síni lára bí omi, tí wọ́n ń pè ní kímò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó lu ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo, ó gba ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́fà tí wọ́n kọ fún un, owó tán. Ìgbà tí a fi máa gbọ́, oṣù ti gorí oṣù. A dáwó, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti pẹ́ jù. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀. Ẹni tó ń rí wa lójoojúmọ́ tí ò lè finú hàn wá, a jẹ́ pé ẹnu wa ń bà á lẹ́rù.

Àwọn kan nínú wa rò pé bí dókítà bá ti dárúkọ kímò, ó ti jáwọ́ lára èèyàn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn kó tó lọ sí yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó wádìí jẹjẹrẹ ọyàn láàrin àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú. Wọ́n rí i pé ó máa ń mú ọ̀pọ̀ wa ní kékeré, àti pé irú èyí tí oògùn họ́mónù ò ràn pọ̀ lára wa ju ti òyìnbó lọ. Irú yẹn gan-an, kímò ni wọ́n fi ń bá a jà. Ẹ sì wo Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó ará Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí wa níbí. 1997 ni jẹjẹrẹ ọyàn mú un, ọdún náà ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀. Ní 2017, ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ó di ìyàwó gómìnà Oǹdó.

Owó ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ. Kí ẹ tó gba àkọ́kọ́, ẹ bi dókítà pé ẹ̀ẹ̀melòó ni, ọjọ́ mélòó ló máa wà láàrin (ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni), èló ni oògùn, èló ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó fún yín nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn ni wọ́n ní kí ẹ lọ, ẹ ka owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ máa sùn mọ́ ọn. Ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di iye kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi owó ẹ̀ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀, tó dúró lágbedeméjì, ó ti fún àrùn láyè láti tún gbérí. Ẹ béèrè nípa ìbánigbófò ìlera ìjọba, kí ẹ sì jẹ́ kí èésú yín kọ́kọ́ kàn yín.

Ẹ wá ẹni tó máa jókòó sí ìsọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó sílẹ̀. Gbèsè tó wà lórí nìkan, àárẹ̀ lè gbé e lọ. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá fa oògùn, ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù, nítorí náà ẹ má wá sáàrin èrò ọjà nígbà yẹn. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná sílé. Bó bá ti dé 38, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà ni, ẹ má gbé panadol mì kí ẹ sùn. Ẹ má mu àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Ẹ̀yin tó ṣì ń bímọ, ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn pupa kan wà tó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Èébì náà wà, wọ́n sì ní oògùn rẹ̀. Ọmọ Èkìtì tó bá ní òun ò lè wo iyán lójú, ẹ má bínú sí i, ẹ po ògì fún un.

Irun orí ń kọ́? Ó máa ń re bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn àkọ́kọ́, a sì máa hù padà. A mọ̀ pé nílẹ̀ wa, obìnrin tó bá fárí, opó ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí ẹkún irun fi ń ju ẹkún àìsàn lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ fúnra yín ṣáájú, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ to gèlè tàbí wíìgì sílẹ̀. Kí àwa tó kù sì yéé béèrè pé, “Ta ló kú?”

Ẹ̀rù máa bà yín. Ẹ sunkún bó bá gbẹkún. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní ẹ kọ́kọ́ gorí òkè àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Àdúrà dáa, a kì í ṣe kèfèrí, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún yín, kó wọ ọkọ̀ tẹ̀lé yín kó máa gbà á dé Ìbàdàn.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a ò ní jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan dá lọ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún, kó wá bá akápò wa, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fọkàn tán nínú wa. Orúkọ rẹ̀ ò ní jáde nínú ìwé yìí.