James Stockdale: Aṣáájú Láàárín Ògiri Ẹ̀wọ̀n

Bí a bá dárúkọ olórí ogun, ẹni tí ó gun ẹṣin níwájú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń tẹ̀ lé, ni ó sábà ń wá síni lọ́kàn. Olórí ogun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí lónìí kò ní ẹṣin, kò ní idà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kò rí ojú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Abingdon, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ni a ti bí James Stockdale ní ọdún 1923. Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ojú omi ní Annapolis ní 1946, ó sì di awabàálù ìjà tí ń gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ náà kò gba ọ̀lẹ, nítorí pé ibi tí bàálù yóò bà lé kúrú, ìgbì sì ń gbé e sókè sódò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú bàálù ni ó ti rí ohun tí ó gbé e ró. Nígbà tí wọ́n rán an lọ kàwé sí i ní Yunifásítì Stanford, olùkọ́ kan, Philip Rhinelander, fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó kó ẹ̀kọ́ Epictetus jọ. Ẹrú ni Epictetus ní ilẹ̀ Róòmù àtijọ́, ó sì yarọ. Ó kọ́ni pé ara, ọrọ̀ àti ipò lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìpinnu ọkàn ẹni nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ ẹni pátápátá.

Ní òru ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 1964, Stockdale wà lójú òfúrufú lẹ́bàá Tonkin nígbà tí a ké pé àwọn ọkọ̀ ogun Àríwá Vietnam ń kọlu ti Amẹ́ríkà. Ó wá wọn títí, kò rí ẹyọ kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òru yẹn wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe ìdí ogun, òun gan-an ni a sì ní kí ó ṣáájú ìkọlù ọjọ́ kejì. Ó gbé àṣírí yìí sínú. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1965, wọ́n yin bàálù rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn ará abúlé tí ó jábọ́ sí lù ú lálùbolẹ̀. (Ta ni yóò retí oore lọ́wọ́ ẹni tí bọ́ǹbù ń bọ́ lé lórí?) Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń tiro, bíi ti Epictetus.

Ọdún méje àti ààbọ̀ ni ó lò lẹ́wọ̀n, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Hỏa Lò ní Hanoi. Ó dá wà fún bí ọdún 4, ó sì lo ọdún 2 nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. A kà á léèwọ̀ pé kí ẹlẹ́wọ̀n bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀. Ògiri ni wọ́n wá sọ di ẹnu. Wọ́n to lẹ́tà 25 sí ìlà 5. Wọ́n yọ K kúrò, C sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kíkàn àkọ́kọ́ ń sọ ìlà, èkejì ń sọ ipò lẹ́tà lórí ìlà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ B yóò kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kò dà bí ìlù dùndún tiwa, tí ń tẹ̀ lé ohùn. Àkọtọ́ ni èyí ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ó yá, ìró ìgbálẹ̀ àti ikọ́ pàápàá di ọ̀rọ̀.

Ohùn ògiri yìí ni Stockdale fi ṣe òfin. Ìlànà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni pé orúkọ, ipò, nọ́ńbà àti ọjọ́ ìbí nìkan ni kí ẹni tí a mú sọ. Ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n fi ń fa apá ẹlẹ́wọ̀n sẹ́yìn títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Àwọn akọni sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtìjú sì mú kí wọ́n máa yẹra fún ẹgbẹ́ wọn. Ìtìjú yìí gan-an ni Stockdale kà sí ewu jù lọ. Ó pàṣẹ ohun tí ara ènìyàn lè gbà: ẹ má tẹrí ba ní gbangba, ẹ má sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ má jẹ́wọ́ ìwà ọ̀daràn, kí ìṣọ̀kan ṣáájú ire ara ẹni. Ẹni tí ìyà bá ṣẹ́gun, kí ó sọ èyí tí ó kéré jù, kí ó ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́jọ́ kejì. Aṣáájú tí ó bá béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe ń fọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìyà náà ti ṣẹ́gun òun náà.

Ní 1969 wọ́n fẹ́ ya sinimá rẹ̀, kí ayé lè gbà pé a ń tọ́jú wọn. Wọ́n fún un ní abẹ kí ó fá irùngbọ̀n. Orí ara rẹ̀ ni ó fi ya. Nígbà tí wọ́n lọ wá fìlà tí yóò bo ọgbẹ́ náà, ó gbé àpótí ìjókòó, ó fi lu ojú ara rẹ̀ títí ó fi wú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, dípò kí wọ́n fi ìyà gba orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ṣe ara rẹ̀ léṣe débi pé díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Lẹ́yìn náà ni ìyà dẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ìyìn yẹ. Ho Chi Minh kú ní oṣù náà gan-an. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Sybil ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n jọ, wọ́n ń pariwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti ní kí wọ́n panu mọ́.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì, ọdún 1973. Ó gba àmì ẹ̀yẹ akọni tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà ní 1976, ó sì di olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ojú omi ní Newport. Ní 1984, òun àti Sybil tẹ ìwé kan jáde. Níbẹ̀ ni ó ti tú àṣírí òru Tonkin fún gbogbo ènìyàn. Ní 1992 ó du ipò igbákejì ààrẹ pẹ̀lú Ross Perot. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé kò já fáfá nínú àríyànjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kú ní oṣù keje, ọdún 2005. Annapolis ni wọ́n sin ín sí.