Àwọn Ọwọ́ Tí Ń Mú Ọkọ̀ Ojú Irin Dé Ilé



Nígbà tí a bá ṣí ojú irin tuntun, àwọn ènìyàn pàtàkì a máa sọ̀rọ̀, àwọn oníwèé ìròyìn a máa ya àwòrán ẹ̀rọ, gbogbo ayé a sì máa ka iye owó tí a ná. Ṣùgbọ́n irin kò mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni í mú ọkọ̀ dé ibi tí ó ń lọ, nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ wọn. Àwọn tí ń tọ́jú ojú irin a máa fi ẹsẹ̀ rìn ín, wọn a máa wá ìdè tí ó tú, igi tí ó jẹrà, àti ilẹ̀ tí òjò wọ́ lọ. Oòrùn a máa mú kí irin gùn sí i. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, yóò wọ́, ọkọ̀ yóò sì yà bàrá. Èrò inú ọkọ̀ kì í rí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ju ìṣẹ́jú àáyá lọ, bí wọ́n ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọkọ̀ lè kọjá.

Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Kánò, nǹkan bí 700 máìlì, ojú kan ṣoṣo ni ní apá tí ó pọ̀ jùlọ. Ọkọ̀ méjì tí ń bọ̀ wá pàdé kò lè kọjá lára ara wọn àfi ní ibi tí a ṣe fún un ní tésàn. Nítorí náà ọ̀gá tésàn ní láti bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè bí ọ̀nà bá mọ́, kí ó tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Àṣìgbọ́ kan ṣoṣo lè sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Ní ayé ọkọ̀ eléèéfín, awakọ̀ a tẹjú mọ́ ọ̀nà, ẹnìkejì rẹ̀ a sì máa kó èédú Enugu sínú iná láìsinmi. Gáàdì wà lẹ́yìn pẹ̀lú àsíá rẹ̀ lọ́sàn-án, fìtílà rẹ̀ lóru. Ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń bá èrò Kérésìmesì àti ti Iléyá jà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: ìṣọ́ra àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni ààbò wa. Ẹni tí kò sùn tó kò lè ṣọ́nà dáadáa. Bí ebi bá sì wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fi owó iṣẹ́ wọn ṣeré, ẹ̀mí èrò ni ó fi ń ṣeré.

Àwọn fúnra wọn ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Ní 1941 Michael Imoudu ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Ẹ̀búté Mẹ́tta, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà ní Èkó. Ní 1943 ìjọba amúnisìn lé e kúrò ní Èkó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 1945, nígbà tí ogun ti mú ọjà wọ́n gógó, òun náà wà níwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tí ó ju oṣù kan lọ.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Láti oṣù kẹwàá 1947 títí di oṣù kẹta 1948, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ abẹ́ Faransé, láti Dakar títí dé Dàhómì tí a ń pè ní Bénin nísinsìnyí, daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìlànà iṣẹ́ kan náà wà fún òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun.

Àwọn kan yóò wí pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ a máa ni ará ìlú lára. Òtítọ́ ni, ìyá olójà tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ ní tésàn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ tí a kò dáhùn kí ó tó di pé wọ́n jókòó. Ní oṣù kọkànlá 2021, òṣìṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà tún daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ nítorí owó àti ìtọ́jú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn kò tíì pé ọdún kan tí a ṣí i. Irin tuntun kò sọ ìnira di tuntun. Ti àtijọ́ náà ni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ tí ó ti Àbújá ń lọ sí Kàdúná. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní ọ̀nà náà. Ẹ rò ó wò: ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ jókòó sí ìjókòó awakọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń béèrè ojú irin lọ́wọ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí a béèrè owó iṣẹ́ tí ó tó, ìsinmi tí ó tó, àti ààbò fún àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ ní tésàn yín, ẹ kí gáàdì. Òun náà ní ilé tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.