Ọgbẹ́ Tó Wà Lábẹ́ Bùbá

 Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó ẹ̀yáwó. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni mo fẹ́ gbà débẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Láti 1974 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Wọ́n á la egungun àárín àyà sí méjì kí ọwọ́ wọn tó lè dé ọkàn, bí wọ́n bá parí wọ́n á fi wáyà so ó pọ̀. Ọkàn tirẹ̀ dára, ojú ọgbẹ́ ni ò jinná. Ó ń sun omi, ó di ọyún, bó bá wúkọ́, egungun á máa dún lábẹ́ bùbá. Ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí egbò tètè san. Kí ló ṣe? Ó ń bu àtíkè sí i, ó ń fi lọ́fínńdà bo òórùn, torí ó ti jẹ ẹgbẹ́ lówó, ojú ń tì í láti tún wá yá òmíràn. Oṣù kan gbáko!

Ìgbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo rò pé wọ́n á kàn rán an ni. Rárá o. Wọ́n gé gbogbo ibi tó ti jẹrà dànù, títí kan egungun, wọ́n yọ wáyà, wọ́n wá fa ẹran àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú rẹ̀, wọ́n fi dí ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń gbé oògùn débẹ̀. Bí ẹran àyà ò bá tó, wọ́n lè fa ọ̀rá tó bo ìfun wá sókè. Èmi tí mò ń ta ṣàkì, ẹnu yà mí! Dókítà Jurkiewicz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta, Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí ní 1980, ó sì tàn káàkiri. Àwọn dókítà tó ń tún ara ṣe wà ní Igbóbì náà, níbi tá a rò pé egungun nìkan ni wọ́n ń tò.

Ẹni tí wọ́n bá là láyà, kó má gbé ẹrù fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi, kó wọ kọ́mú tó gbé e dúró dáadáa, torí ìwúwo rẹ̀ máa ń fa ojú ọgbẹ́ ya.

Ó wá kan ẹ̀yáwó. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé owó àìsàn yàtọ̀ sí owó ọjà. Bó o tilẹ̀ ń san ti ọjà lọ́wọ́, wá bá mi ní ìsọ̀, má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí mò ń wí ṣì ń san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wà láàárín wa níbí, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́.